Orí Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Láró

Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé ewú ni ogbó, irùngbọ̀n ni àgbà, máamú ni àfojúdi, wọn kò gbé ní àkókò tí a ń ta ọjọ́ orí nínú páálí kékeré ní ẹ̀bá èbúté Ìgbókòdá. Bí wọ́n bá gbé ní àkókò náà ni, mo gbà pé wọn ìbá fi gbólóhùn kan kún òwe wọn, wọn ìbá wí pé ẹni tí ó bá jókòó sínú ilé tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ewú rẹ̀ láró nítorí kí owó má baà jáde nínú àpò rẹ̀, òmùgọ̀ paraku ni olúwarẹ̀, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni wọn ìbá sì nawọ́ sí bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n mú àpẹẹrẹ wá.

Tíṣà ni mí, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ a-jí-gbọ́-ìró-òkun, ọmọ a-fi-ọkọ̀-ṣe-ẹsẹ̀, tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín omi, tí afárá onípákó sì so ó pọ̀ mọ́ ilé aládùúgbò rẹ̀, débi pé bí ènìyàn bá sín ní ìpẹ̀kun ìhín, láti ìpẹ̀kun ọ̀hún ni wọn yóò ti kí i ní pẹ̀lẹ́. Abúlé wa kò jìnnà sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ láti ìgbà pípẹ́ wá. Ní ayé àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń ná: apẹja kì í ta ẹja fún ará ìlú rẹ̀, aránṣọ kì í bèèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rán aṣọ fún, ohun tí olúkúlùkù bá ṣe, ti gbogbo wọn ni. Mo máa ń rò ó pé ká ní ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní àkókò náà ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé owó ni ó dá a sílẹ̀, owó tí n kò fẹ́ ná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ń lọ sí ilé ọkọ, wọ́n sì ní èmi ni n óò jókòó ní ipò bàbá ní ọjọ́ ìdána. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó ti di ẹni ńlá ní Èkó, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wa ṣe é, àwòrán tí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi ní ọdún tí ó ṣáájú fi hàn pé irun rẹ̀ dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ ó fi oṣù díẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Ní tèmi, ewú ti gba iwájú orí, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ etí, ó sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí àtàrí. Ìyá tí ń ta ẹja gbígbẹ ní èbúté, ẹni tí mo mọ̀ dájú pé ẹgbẹ́ ìyá mi ni, ti bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní bàbá. Adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ ní àgbà. Èmi mọ ara mi, ó sì dùn mí.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé Òkìtìpupa ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ pípa ewú láró wà, ó sì dárúkọ iye kan tí ó mú mi fi ọwọ́ bo àpò mi láìmọ̀. Mo fi owó ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbókòdá kún un, mo fi owó mọ́tò kún un, mo fi àbọ̀ kún un, mo rí i pé owó náà tó ra pupuru tí ilé wa yóò jẹ títí oṣù yóò fi lé. Onígbàjámọ̀ wà ní abúlé wa, tòótọ́ ni, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì ju afárá díẹ̀ lọ sí ilé mi, ṣùgbọ́n n kò dé ibẹ̀ rí, nítorí pé aya mi ni ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé irun mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu ọkùnrin náà kò ní ìdérí, ọ̀rọ̀ tí o bá bá a sọ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tí wọ́n ń da àwọ̀n lójú agbami ti gbọ́. N kò tilẹ̀ bèèrè iye tí ó ń gbà.

Páálí dáì méjì ni mo rà ní ọjà Ìgbókòdá, nítorí pé ẹni tí ń tà á ní bí mo bá ra méjì òun yóò dín owó rẹ̀ kù, bí a bá sì ń wá ẹni tí ẹ̀dínwó lè fà dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kí a má wá kọjá ọ̀dọ̀ mi. Ìyẹ̀fun ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí a fi lẹ́tà wínníwínní kọ. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún pé kí wọ́n ka ìlànà dáadáa kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè, tí mo sì máa ń yọ máàkì ẹni tí kò bá kà á, mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì wa tí kì í dúró dáadáa. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo tó yọ ọ́ kà, tí mo rí i pé ó ní kí n kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí kí n sì dúró fún wákàtí 48, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n fi òróró pa iwájú orí àti etí, kí n má sì ṣe po ó nínú abọ́ onírin. Abọ́ onírin ni mo fi po ó.

Ọjọ́ tí aya mi lọ sí ọjà ni mo yàn. Ó yẹ kí ẹni tí kò gbé ẹ̀bá òkun rí mọ̀ pé omi pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé ó yí wa ká, ṣùgbọ́n omi tí a lè lò kò pọ̀: bí ẹ̀rùn bá dé, tí òjò bá dáwọ́ dúró, iyọ̀ òkun a máa tì wọ inú ọ̀sà, omi tí a ń bù wẹ̀ ní ìgbà òjò a sì di ohun tí kò ṣeé fi sẹ́nu. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń fi páànù òrùlé gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, tí obìnrin ilé sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Èyí tí ó kù nínú dúrọ́ọ̀mù wa ní ọjọ́ náà, aya mi ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún oúnjẹ. Mo wò ó, mo rò ó pé ẹni tí ó ń ṣọ́ owó ná kò gbọdọ̀ fi omi òjò ṣòfò sí orí, mo sì ju korobá sínú ọ̀sà.

Mo fi ọwọ́ lásán po ìyẹ̀fun náà, mo fi pa orí mi láti iwájú dé ìpàkọ́, mo mú dígí. Irun mi kò dúdú. Ó dàbí omi tí a fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀. Mo tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kò dúdú síbẹ̀. Mo bú ẹni tí ó tà á fún mi, mo já páálí kejì, mo po ó kí ó ki, mo dà á lé ti àkọ́kọ́ lórí.

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀nà tí àwọn ìyá aláró Òṣogbo àti Abẹ́òkúta ń gbà ṣiṣẹ́ wọn: pé bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò ẹlú, àwọ̀ ewéko ni yóò ní, atẹ́gùn ni yóò sì sọ ọ́ di aró bí wọ́n bá ti nà án sórí okùn. Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dáì dúdú tí a fi ń kun irun kò yàtọ̀ sí èyí. Paraphenylenediamine ni orúkọ rẹ̀, PPD ni wọ́n ń gé e kúrú sí, kò sì dúdú fúnra rẹ̀; ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ inú fọ́nrán irun, ibẹ̀ ni yóò ti pàdé ọ́síjìn, ibẹ̀ ni àwọn horo rẹ̀ yóò ti so mọ́ ara wọn, tí wọn yóò tóbi, tí wọn yóò dúdú, tí wọn kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Sùúrù ni ó ń fẹ́. Ará Faransé kan, Eugène Schueller, tí ó po dáì tirẹ̀ ní ọdún 1907, tí ó sì fi dá ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí L'Oréal lónìí sílẹ̀ ní ọdún 1909, inú ilé ara rẹ̀ ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàwé kẹ́mísírì ni, kò sì sí ìtàn pé ó fi ìwé ìlànà há ẹsẹ̀ tábìlì.

Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí hún mi, ó kúrò ní híhún, ó di jíjó, mo sì sáré bu omi ọ̀sà dà á lórí, mo fa ọṣẹ. Ọṣẹ kò hó. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo ti mọ̀ láti kékeré pé ọṣẹ kì í hó nínú omi iyọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú orí kì í wúlò nígbà tí iná bá ń jó orí náà. Bí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni ó ń ṣàn, ó gba iwájú orí mi, ó gba ìpéǹpéjú, ó wọ inú etí, ó tọ ọrùn lọ sí àyà, ibi tí ó bá sì dé ni ó ń dúró sí, nítorí pé awọ ara kò yàtọ̀ sí irun lójú rẹ̀. Ní ìkẹyìn mo jọ̀wọ́ omi òjò aya mi, mo da gbogbo rẹ̀ tán sórí.

Orí kó mi yọ pé híhún náà mọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1933, irú PPD yìí kan náà ni wọ́n fi sínú àwọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń kun ìpéǹpéjú, ojú ẹlòmíràn sì fọ́ pátápátá. Ó wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ohun ìṣaralóge ní ọdún 1938. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wú nítorí dáì, kí ó má tún fi ọwọ́ kàn án láéláé, dókítà ni kí ó lọ rí.

Nígbà tí aya mi wọlé, ó kọ́kọ́ wo inú dúrọ́ọ̀mù kí ó tó wo ojú mi.

“Bàbá Ìbùkún,” ni ó wí, “ta ni ẹ fi omi oúnjẹ mi wẹ̀?”

Mo yíjú sí i. Ó fi igbá ẹja sílẹ̀, ó jókòó lórí pákó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè láti ojú fèrèsé wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha iwájú orí mi, a fi kànìnkànìn àti eérú, èmi sì fi kẹrosíìnì kún un ní ìkọ̀kọ̀, gbogbo èyí ni a fi owó rà, àfi eérú. Awọ orí mi pọ́n ní ibi kan, ó dúdú ní ibi kejì, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì dúdú dé ìdí èékánná.

Ní ọjọ́ ìdána, mo wọ agbádá funfun, mo fa fìlà funfun bolẹ̀ dé ojú, mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Ìgbókòdá. Ìgbì kan ṣoṣo tí ó ta sí wa lára tó. Kí a tó gúnlẹ̀, àwọ̀ ti gba abẹ́ fìlà sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn agbádá mi, alága ìdúró tí ó rí mi tí mo ń gòkè bọ̀ sì fi gbohùngbohùn bèèrè lójú gbogbo èrò bóyá ẹbí ìyàwó ni mí ni, tàbí aláró tí ó wá gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ará Èkó bá mi níbẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀ láti kí mi: orí rẹ̀ ń dán, kò ku irun kan. Ó ní ọ̀rọ̀ ewú ti sú òun, òun ti fá a kúrò láti ọdún tí ó kọjá.

Èyí ni ó mú mi gba ìsọ̀ onígbàjámọ̀ abúlé wa lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

“Ẹ kú ìnáwó o, Tíṣà,” ni ó wí, ó sì ṣí fìlà mi. Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. “Ta ni ó ṣe yín báyìí?”

“Èmi ni.”

“Kí ni ẹ̀yin ń wá lọ sí ibi dáì, Tíṣà, tí èmi wà níhìn-ín? Ọmọ mi tí ó wà ní Yunifásítì lónìí, ta ni ó kọ́ ọ ní A, B, D bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ tipẹ́ pé ohun yòówù tí ó bá kan irun yín, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. A ti ń retí yín.”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó fá orí mi kodoro, ó fi omi tútù nù ún, ó gbọn táwẹ́ẹ̀lì funfun tí ó fi bo èjìká mi, ó sì tẹ́ ẹ síwájú fìtílà, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

“Ti irun, ọ̀fẹ́ ni,” ni ó wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “ṣùgbọ́n táwẹ́ẹ̀lì yìí, Tíṣà, tuntun ni.”

Mo san owó táwẹ́ẹ̀lì. Kí n tó dé ilé, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ibi ìpẹja ti ń ké pè mí láti orí omi, wọ́n ń bèèrè bóyá n óò ta táwẹ́ẹ̀lì náà.