Oyè Anglesey: Ẹsẹ̀ Kan àti Gbèsè Rẹpẹtẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Òfófó kọ́ o, ìtàn tó ti wà nínú ìwé ni. Ní àríwá Wales, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Anglesey. Ìdílé Paget ló ni oyè Marquess ibẹ̀, Plas Newydd sì ni ilé wọn tẹ́lẹ̀, etí omi gan-an.

Àmọ́ Bayly lorúkọ baba wọn! Sir Nicholas Bayly ló fẹ́ ọmọbìnrin Paget kan. Nígbà tí ìlà ọkùnrin àwọn Paget pin lọ́dún 1769, ọmọ tí obìnrin yìí bí gba oyè Baron ilé ìyá rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di Paget. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ẹni yìí, Henry William, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́jọ, síbẹ̀ lọ́dún 1809 ó gbé Charlotte, aya Henry Wellesley, sá lọ. Ẹ̀gbọ́n Wellesley yìí kan náà ló wá di Duke of Wellington o! Ẹ̀gbọ́nkùnrin Charlotte yọ ìbọn sí Paget, wọ́n yìn ín síra wọn, ọta ò ba ẹnikẹ́ni. Ìyálé kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ fẹ́ Duke of Argyll. Ó tọ́ sí i, àbí kò tọ́?

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ogun Waterloo, 1815. Wellington ni ọ̀gá ogun. Ọkùnrin tó gba aya àbúrò rẹ̀ yìí náà ni olórí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n gé e, wọ́n sì sin ín sí ọgbà onílé kan. Àwọn èèyàn wá ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wo sàréè ẹsẹ̀! Kí oṣù tó pé lẹ́yìn ogun, wọ́n fi jẹ Marquess. Ọmọ tó bí fún ìyàwó méjèèjì jẹ́ méjìdínlógún.

Ẹ má rò pé afọbajẹ wà níbẹ̀, tàbí pé ilé kan ń jẹ kó tó kan ilé kejì. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́. Bí kò bá sí, ọkùnrin tó bá sún mọ́ ọn jù ni. Ẹnì kankan kì í béèrè ìwà. Marquess ìkẹta kú láìbímọ, ọmọ baba rẹ̀ gbà á, ó di ìkẹrin.

Bí oyè ṣe bọ́ sọ́wọ́ Henry Cyril, ọmọ ìkẹrin yìí, tó di ìkarùn-ún, nìyẹn, lọ́dún 1898. Owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kan ju £100,000 lọ. Ó sọ ilé ìsìn inú ilé wọn di ilé tíátà, ó wọ aṣọ olówó iyebíye, ó ń jó bíi labalábá. Wọ́n tiẹ̀ ní sàlẹ́ńsà mọ́tò rẹ̀ ń tú lọ́fínńdà jáde! Lọ́dún 1901, ó lọ wòran eré Sherlock Holmes. Kó tó dé, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti kó ohun ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó di 1904, gbèsè ti lé ní £500,000. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kú ní Monte Carlo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré.

Kò bímọ, ìbátan rẹ̀ Charles ló jẹ ẹ́. Ọmọ Charles, ìkeje, kọ ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin ogun Bìrìtìkó ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ, ó sì fi Plas Newydd fún National Trust lọ́dún 1976. Nígbà tó kú ní 2013, ọmọ rẹ̀ gorí oyè.

Agbaya-aláya, onínàákúnàá, òǹkọ̀wé: oyè kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oyè baba yín halẹ̀ nínú agboolé yìí, ẹ rọra o: oyè ti wà kí wọ́n tó bí yín, kò sì ní bá yín san gbèsè.