Ọkọ̀ Dọ̀bálẹ̀ Kí Ọkọ Ìyàwó Tó Dọ̀bálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí fídíò rẹ̀ ti dé orí WhatsApp ẹbí wa, àwọn àna wa náà sì ti ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Mazda MX-5 ni mo rà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Miata. Ìjókòó méjì péré ló ní, òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ìwé Guinness sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì oníjòkòó méjì tí wọ́n tíì tà jù lágbàáyé. Ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tí bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹ́ fi ọkọ̀ oníjòkòó méjì ṣe. N kò tíì rí èsì fún un.

Àléébù ọkọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ijó. Bí mo bá kó sí kòtò ní Chállẹ́ńjì, ó ń jó títí dé Mọ́lété. Bí mo bá sì yí kọ́nà, gbogbo ara rẹ̀ a dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi etí gbálẹ̀. Bàbá tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún mi fọwọ́ tẹ igun rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sílẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣọ́ọ̀kì ló kú. Ẹ jẹ́ ká ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tuntun." Ó dárúkọ owó. Mo ní mò ń bọ̀.

YouTube ni mo gbà lọ. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ní ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ilẹ̀ kì í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, pé ṣe ló máa ń di títì mú. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tó kù sì wà nínú fídíò kejì tí n kò wò. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan tú sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé wọn lọ bá wẹ́dà kan ní Géètì, mo ní kó bá mi gé wọn kúrú. Ó tan iná, ó gé wọn. Owó tó gbà kò tó owó ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Mo tún ra rìmù 17 onítáyà pẹlẹbẹ dípò rìmù 15 tó bá ọkọ̀ wá, fọkanáísà sì fún un ní afẹ́fẹ́ 40, ó ní kí táyà lè "dúró". Ìwé pélébé kan wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà tó ní 26. Ta ló ń ka ìwé ara ilẹ̀kùn?

Ẹ wo ọkọ̀ nígbà tí mo gbé e dúró síwájú ilé! Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, àwọn ọmọ àdúgbò ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ìwà àgbàlagbà tí kò gbọ́n ló wọ̀ mí lára, mo gbé e lọ síbi ìdána àbúrò mi ní Bódìjà.

Èrò ti pé, àwọn onílù ti ń lù, ìgbà náà ni ìpè wọlé pé ọkọ̀ Alága Ìdúró wa ti dákẹ́ sí Mọ́lété. Màmá mi wo yíká. Jíìpù ti dí gbogbo ọkọ̀ yòókù mọ́lẹ̀, tèmi nìkan ló kéré tó láti rápálá jáde. "Ìwọ ni. Lọ gbé Alága wá, kíá!"

Mo bá Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin abara ni, ó wé gèlè tó ga tó sì tún fẹ̀, àpò makirofóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ lẹ ní kí n wọ̀, àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ní kí n jókòó sí?"

"Ẹ má bínú mà. Sípọ́ọ̀tì ni."

Ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìdí, gèlè. Gèlè kọ̀, òrùlé kò gbà á. Mo ká òrùlé sẹ́yìn, a gbéra. Nígbà tí a fi máa dé Dùgbẹ̀, Alága kò bá mi ṣeré mọ́. Ní Mọ́kọ́lá, ó ti di ilẹ̀kùn mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di gèlè mú lọ́wọ́ òsì, ó ń ka Sáàmù. Gálọ́ọ̀pù tí kò tó nǹkan, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà kọjá láì mira, ṣe ló ń gbé wa kúrò lórí ìjókòó. Mo tún ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, bí sípọ́ọ̀tì ṣe ń ṣe nìyẹn." Ó ní, "Ọmọ mi, ìdí tèmi kì í ṣe eléré ìdárayá."

Ẹ dúró ná, kí n sọ ohun tó ń gbá Alága sókè. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù kankan. Òróró ló wà nínú rẹ̀, òróró náà ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, ìfúnpọ̀ yẹn ló sì ń pa ijó sípíríǹgì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, sípíríǹgì di ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ni rọ́bà kan wà tó ń gba ọkọ̀ dúró bó bá ti wálẹ̀ dópin, kí irin má bàa bá irin pàdé. Bẹ́ ẹ bá gé sípíríǹgì, ọkọ̀ wálẹ̀, ó sì sún mọ́ rọ́bà yẹn. Èyí tó kù nínú sípíríǹgì náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí irin tó gùn ló ń rọ̀, irin kúkúrú kì í fẹ́ tẹ̀. Iná wẹ́dà a sì máa pa okun irin níbi tó bá ti fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ọkọ̀ mi kò gun sípíríǹgì mọ́, orí rọ́bà ló jókòó sí. Kòtò ń gba táyà pẹlẹbẹ tó le bí òkúta, ó gba rọ́bà, ó wọ ìbàdí Alága tààrà. Kọ́nà tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà náà bàjẹ́ sí i, torí ṣe ni táyà ń fò kúrò nílẹ̀, táyà tó wà lófuurufú kò sì lè di títì mú.

A dé àdúgbò ìdána. Ẹ wá gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀. Ta ló fún ẹgbẹ́ onílé láṣẹ láti mọ ògiri sórí títì kí wọ́n máa pè é ní bọ́ǹpù? Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìrìnnà ní Britain ti wádìí irú gegele tó lè dín eré ọkọ̀ kù láì ba ọkọ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n yàn fẹ̀ tó mítà 3.7, gíga rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí táyà lè gùn ún ní pẹ̀lẹ́, kó sì sọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Tiwa ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì àpò kan, yanrìn bàrò méjì, ọmọkùnrin kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kò ní ọ̀dà, kò ní àmì, ó ga, ó sì tún ṣóńṣó. Bẹ́ ẹ bá fi òru wá síbẹ̀, eyín yín lẹ máa fi mọ̀ pé bọ́ǹpù wà níbẹ̀. Inú ń bí mi, n kò sì tọrọ àforíjì.

Mo mọ bí ọkọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ ṣe ń gba irú rẹ̀: ẹ̀gẹ̀ ni, táyà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ikùn ọkọ̀ má bàa kan orí rẹ̀. Bí mo ṣe gbà á láàárọ̀ nìyẹn, èmi nìkan, ó sì ha abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yìí àwọn onílù ti rí wa, wọ́n ti kọjú sí wa, àwọn obìnrin aláṣọ ẹbí ti ń ṣàtẹ́wọ́. Ojú tì mí láti máa gba ẹ̀gẹ̀ lójú àna. Mo gbà á ní gbọnrangandan.

Táyà iwájú kọjá. Mo gbọ́ "gbàù!", lẹ́yìn náà "kírààà!", ọkọ̀ sì fi ikùn jókòó sórí bọ́ǹpù pẹ̀lú Alága nínú rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló ń wa ọkọ̀ yìí, wọn ò sì ní ẹrù lórí mọ́. Bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn, ṣe ni wọ́n ń yí lásán, èéfín rọ́bà sì ń bo àwọn àlejò.

Ọkùnrin méjì fa Alága jáde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó gbọn bùbá rẹ̀, ó yọ makirofóònù, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kíá. Mo rò pé á fìyẹn sílẹ̀, kó máa kí àna.

"Ẹ̀yin àna wa, ẹ wò ó! Ọkọ kò tíì dọ̀bálẹ̀, ọkọ̀ ti dọ̀bálẹ̀! Ẹbí ọmọlúàbí ni wá: àwa àti irin wa la jọ ń kí yín!"

Onígángan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlù. Alága Ìjókòó dìde láti ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó, ó ní àwọn kì í fọmọ fún ẹbí tí kò lè gun bọ́ǹpù, àfi kí ẹ̀gbọ́n ọkọ san owó ìtanràn. Mo san án. Alága tiwa náà ní kí n san owó ìbàdí. Mo san ìyẹn náà. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, tó yẹ kí wọ́n máa múra ìdọ̀bálẹ̀, ká apá agbádá, wọ́n yí ìdí ọkọ̀ ká, wọ́n sì gbé e sókè. Èmi dùbúlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ ẹbí láti wo abẹ́ rẹ̀. Sàláńsà ti já. Ohùn tó jáde nígbà tí mo tún ṣíná borí ìlù, ó borí makirofóònù, ó sì dá bàbá tó ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ dúró láàárín àdúrà. Màmá mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí pé ọmọ ta nìyẹn.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì. Kò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó wá sípíríǹgì tó bá irú ọkọ̀ náà wá láti iléeṣẹ́, a ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin àti rọ́bà wọn. Mo ní kí n bá a ṣiṣẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi lè fúyẹ́, mo sì ń di àwọn bóòtì apá wíìlì pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ó pariwo mọ́ mi. Búṣì rọ́bà ló wà nínú apá wọ̀nyẹn. Bẹ́ ẹ bá dì í nígbà tí wíìlì ń rọ̀, tí ọkọ̀ wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, ọkọ̀ á le, búṣì á sì tètè ya. Ẹ fi bóòtì sí i lọ́wọ́rọ́, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ tó dì í pa. Lẹ́yìn èyí, a lọ ṣe àláímẹ́ǹtì, nítorí wíwálẹ̀ ọkọ̀ ti mú kí orí táyà tẹ̀ sínú, ìhà inú wọn sì ti jẹ tán. A dá rìmù 15 padà, a fún un ní afẹ́fẹ́ 26 tí ìwé ara ilẹ̀kùn sọ.

Kòtò Chállẹ́ńjì wá ń parí sí Chállẹ́ńjì. Ọkọ̀ náà rọ̀, ó sì ń yí kọ́nà láì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni pé ọkọ̀ tó bá rọ̀ kò lè di títì mú. Ohun kan náà ló ń ṣe méjèèjì: kí táyà má kúrò nílẹ̀.

Owó ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tí mo sá fún, mo san án. Mo san ti sípíríǹgì, ti sàláńsà, ti àláímẹ́ǹtì, mo sì san ìtanràn fún Alága méjì lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ara ilẹ̀kùn, ẹ wo táyà, ẹ wo búṣì. Bí mẹkáníìkì yín bá sì ní ṣọ́ọ̀kì ló kú, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì.