Ọ̀gá Ẹ̀yìn Mọ́tò àti Tẹlifíṣọ̀n Rẹ̀

Bí ẹ bá dúró sí Ojúẹlẹ́gba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá kan yóò fi kọjá. Jíìpù dúdú ló máa ń gbé e, tòkunbọ̀ tí wọ́n fọ̀ títí tó fi ń dán bíi tuntun. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń jókòó sí, ibi tí àwọn ará Èkó ń pè ní owner's corner, agbádá rẹ̀ á sì ti gba ìdajì àga náà. Tẹlifíṣọ̀n kéékèèké méjì wà lẹ́yìn ìgbórílé àga iwájú, ìkọ̀ọ̀kan kò ju ínǹṣì méje lọ, àwòrán ń ṣẹ́jú lójú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Fóònù ló ń tẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn, ẹni tó dúró síta ni ọ̀gá rà á fún.

Ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi o. Ní Amẹ́ríkà tó ti wá, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Nígbà tí Oldsmobile gbé Silhouette Premiere ti ọdún 1999 jáde, ẹ̀rọ fídíò tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kàn mọ́ ọn, pẹ̀lú ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń ṣí wálẹ̀ láti àjà ọkọ̀. Torí tọkọtaya tó ń kó ọmọ la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá nígbà ìsinmi ni, kí àwọn ọmọ yéé bèèrè bóyá wọ́n ti débẹ̀. Toyota Sienna náà wá ní tirẹ̀. Nígbà tí Sienna di tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ èrò ló dà, ó ń ná Èkó sí Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó rántí ṣí ojú tẹlifíṣọ̀n àjà rẹ̀ mọ́. Ti jíìpù ọ̀gá ló yàtọ̀, torí òun kò lè gbà kí tirẹ̀ kú. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí agbègbè: Amẹ́ríkà wà ní ìkíní, Nàìjíríà wà ní ìkarùn-ún, disiki tí wọ́n bá sì ṣe fún agbègbè karùn-ún nìkan kò lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó mọ ìkíní nìkan. Rẹ́wáyà á tú ti ilé iṣẹ́ dànù, á gba ọjà Ládípọ̀ lọ, á ra èyí tí kì í bèèrè ìlú disiki kó tó gbé e mì.

Kí ni ẹ̀rọ tuntun náà wá ń gbé mì? Disiki kan ṣoṣo. Fídíò ìsìnkú ìyá ọ̀gá ni, wọn kò sì tíì yọ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i. Nínú rẹ̀, ọ̀gá ń jó bọ̀ níwájú ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, olórin ń kì í láti orí baba ńlá rẹ̀ wá, owó ń já sílẹ̀ bíi ewé, ọmọdékùnrin kan bẹ̀rẹ̀ tòun ti àpò ńlá, ó ń ṣà á. Bí disiki náà bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí òkú. Kò sẹ́ni tó lè pa á láìpa rédíò, torí rìmóòtù ti sọnù. Nylon tí wọ́n fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n náà láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, ó ti wú níbì kan, eruku ti wọ abẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀gá tó ń jó sì ti rí wúruwùru. Ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n á ti ya nylon yìí láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tuntun ló rà ni kì í ya á.

Bí èyí kò bá tíì tó lẹ́rìí, ẹ wo fèrèsé rẹ̀. Òfin tó ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ lára ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1991, ọ̀gá sì ti sáré títí ó fi gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, ó ní ààbò ara òun ló jẹ òun lógún, òun kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí òun. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, gíláàsì á wà lókè. Bó bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gíláàsì á rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù fún gbogbo títì. Àsìkò yìí gan-an ni fídíò rí òǹwòran. Ọmọ tó ń ta gàlà á fi ọwọ́ kan ọkọ̀, á máa sáré tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Èrò inú dáńfó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á na ọrùn. Ọmọ náà á ní, “Ẹ̀yin lẹ̀ ń jó yẹn, sà?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀gá máa gbé fóònù sílẹ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ra gàlà mẹ́fà tí kò ní jẹ, kò sì ní gba ṣéńjì.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ á ní torí àwọn ọmọ ni. Jíìpù yìí kì í gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Corolla ìyàwó ló ń ṣe ìyẹn, kò sì ní tẹlifíṣọ̀n kankan. Ní Iléyá tí gbogbo ilé bá ń lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mú fóònù tirẹ̀ dání kí wọ́n tó jáde lẹ́nu géètì, torí wọn kò ní sùúrù fún ìsìnkú màmá àgbà mọ́. Èyí tó bá sì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà fún wákàtí kan, èébì ló kàn. Ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara dúró sójú kan, inú etí ń sọ pé ara ń lọ, àríyànjiyàn àwọn méjèèjì ló ń da inú rú. Kòtò ojú ọ̀nà wa kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń làjà.

Àwọn mìíràn á tọ́ka sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó há sórí Third Mainland Bridge, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí kò rí nǹkan kan ju omi àti bọ́ńpà ẹlòmíràn lọ, ó yẹ kó rí nǹkan fi gbàgbé ara. Bọ́ọ̀sì gàgàrà tó ń gbéra ní Jíbówú lọ sí Onitsha ti fi hàn wá pé tẹlifíṣọ̀n ọkọ̀ lè wúlò: gbogbo èrò ló ń wo fíìmù kan náà, wọ́n á máa ṣépè fún ìyá ọkọ tó burú nínú rẹ̀, wọ́n á sì bínú bí ọkọ̀ bá dé kí fíìmù tó parí. Ẹ fi ìyẹn wé ti ọ̀gá. Àwọn tó ṣe BMW 7 Series tó jáde ní 2022 gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 31.3 sọ̀ kalẹ̀ láti àjà fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn, bó bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni aṣọ á máa bo àwọn fèrèsé ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa da ẹni tó ń wò láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó fẹ́ wo fíìmù. Ọ̀gá wa kò lè ra irú rẹ̀ láé, kì í sì í ṣe torí owó. Bí aṣọ bá bo fèrèsé, ta ló kù tó máa rí i?

Ó wá ku àwọn tó máa ń sọ pé owó rẹ̀ ni, kí ló kàn wá. Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Yorùbá kò fìgbà kan kórìíra fáàrí. A ti ń wọ sányán jáde, a ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ dá ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, kí ọ̀làjú tó dé. Àmọ́ ẹṣin ń gbéni rìn, sányán ń bo ara, a sì mọ ẹni tó ń san owó oúnjẹ ẹṣin. Ti tẹlifíṣọ̀n yìí, ẹlòmíràn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ lọ wo ìta gbọ̀ngàn òde lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá ti wọlé láti aago méjìlá, ó ti pàṣẹ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn kí òun tó jáde, ẹ̀rọ méjì yìí á sì gbẹ bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Nítorí náà ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń jó epo lójú kan fún wákàtí márùn-ún, epo tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 ní oṣù Karùn-ún 2023, tó sì fò kọjá ₦480 ní Èkó kí oṣù náà tó parí. Dẹ́rẹ́bà ló jókòó níwájú, kò rí àwòrán, orin nìkan ló ń gbọ́. Ó ti mọ oríkì ìdílé ọ̀gá ju àwọn ọmọ ọ̀gá lọ. Kò sẹ́ni tó gbé jọ̀lọ́ọ̀fù jáde fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé jíìpù náà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gíláàsì rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má kàn yẹjú, ìyẹn á dùn ún jù. Ẹ kí ìyá tó lọ, ẹ yin ijó rẹ̀, kí ẹ wá bá wa bi í bóyá ó ti san owó oṣù tó kọjá fún dẹ́rẹ́bà.