Àpótí Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin

Ní 1854, James Perrott, afinimọ̀nà ní Dartmoor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìgò sí Cranmere Pool kí ẹni tó bá rìn débẹ̀ ju káàdì sí i. Òyìnbó ti sọ ọ́ di eré: wọ́n ń fi òǹtẹ̀ àti ìwé pamọ́ sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́, ẹni tó bá rí i á lu òǹtẹ̀, á dá a padà.

Á dá a padà kẹ̀! Ẹ dán an wò ní Agége, ìtòsí Alímọ̀ṣọ́, níbi tí rélùwéè ti ń kọjá lọ sí Ìbàdàn láti 1901. Àpótí irin? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tà. Ti ike? Ìyá elépo kan ní Ìkòtún ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Àfi kí ẹ gbé e sínú igbá, kí ẹ ta epo sí i, kó wà ní oríta. Olè kankan ò ní súnmọ́ ọn. Àmọ́ ta ni yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́ lu òǹtẹ̀?