Bàbá Onílé Tó Ń Retí Òjò

Kò sí àdúgbò ní Muṣin tàbí ní àárín Ìbàdàn tí kò ní Bàbá Onílé yìí. Yàrá mẹ́jọ ló kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí owó ilé dùn mọ́ ọn, ó fi mẹ́rin kún un lẹ́yìnkùlé. Ṣáláńgá ẹyọ kan tó gbẹ́ fún yàrá mẹ́jọ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Ó mọ ọjọ́ tí owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ń parí lórí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kó ṣáláńgá kẹ́yìn, ojú ọ̀run ni yóò máa wò. Òjò ló ń retí. Bí ọ̀wààrà bá dé lóru, wọn a lu ògiri ṣáláńgá, ohun inú rẹ̀ a bá àgbàrá lọ sí gọ́tà, gọ́tà a gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò Bàbá.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ti wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ ẹ pín owó yẹn sí ojúlé méjìlá, kí ẹ tún pín in sí gbogbo oṣù tí ihò náà fi ń kún, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àgírímẹ́ǹtì tí ayálégbé san kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ibi tí òórùn ń dé ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá ní ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onítáìlì. Ẹni tí yóò sanwó kò gbóòórùn, ẹni tó ń gbóòórùn kò lè pàṣẹ. Ayálégbé tó lówó lọ́wọ́ pàápàá a máa rò ó pé kí lòun fẹ́ tún ilé onílé ṣe sí, nígbà tí wọ́n lè ní kóun kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi kò lè bá a wí.

Wọ́n tún ní ọkọ̀ kò lè wọlé. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, òtítọ́ pọ́ńbélé ni: rọ́bà ọkọ̀ kò dé ibẹ̀, ẹni tó ń fi garawa kó ìgbẹ́ lóru ló kù, àwọn tó sì pè é kì í kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá yọ síta ló dínà. Ṣé àwọn ayálégbé ń ju pampers àti àkísà sínú ihò? Wọ́n ń jù ú. Garawa ìdọ̀tí kan kò sì sí nínú ọgbà.

Àwọn onímọ̀ ìlera sábà ń gbani níyànjú pé kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. Púlọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà kò sì gùn ju nǹkan bíi mítà 30 lọ. Bàbá gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí kànga tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó gbẹ́ ẹ sí ìtòsí kànga aládùúgbò. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Èkó ní 2024, irú Bàbá yìí ló ní kí gbogbo ilé gbààwẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ síta gbangba dópin ní Nàìjíríà tí yóò bá fi di 2025. Àṣẹ náà kò dẹ́rù ba Bàbá. Ó ní ṣáláńgá, wolé-wolé sì rí i. Ohun tó ń bá àgbàrá lọ lóru, ìyàgbẹ́ síta náà ni, àpapọ̀ ni wọ́n kàn fi ṣe. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sọ ọ́ di dandan pé kí onílé fi rìsíìtì ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ han ayálégbé kó tó gba owó ilé, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Bàbá yóò ní kò sí nínú àgírímẹ́ǹtì. Òun ló kọ àgírímẹ́ǹtì.