Ìka Tí Kò Ṣẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Tèmi ò ṣẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, síbẹ̀ àwọn náà ló ń dá mi lóró láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ahunṣọ ni mí n'Ísẹ́yìn. Nígbà tí òwú gbówó lérí, táwọn oníbàárà sì sọ àwìn di àṣà, mo ní kí n kúkú wá iṣẹ́ gáàdì ṣe nílé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Iṣẹ́ kí n jókòó sẹ́nu géètì, kí n máa bi àlejò pé "Ta lẹ fẹ́ rí?" ni o. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí n gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé n kò dáràn rí. Mo ní ẹ bi àdúgbò mi. Wọ́n ní àdúgbò ò ní òǹtẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní aláìṣẹ̀ lẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Èmi tẹ́nikẹ́ni ò fẹ̀sùn kàn ńkọ́?

Mo gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n fi yíǹkì dúdú kùn mí níka bí ẹni ń lé làálì fún ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó jáde bí àbàwọ́n epo.

"Bàbá, ìlà ọwọ́ yín dà?"

Ọ̀kọ̀ àti òwú ti jẹ ẹ́ tán láti ọgbọ̀n ọdún, ọkọ́ ebè iṣu sì jẹ ìyókù. Ní Calcutta nílẹ̀ Íńdíà, lọ́dún 1897, làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dá ọ́fíìsì ìtẹ̀ka ọ̀daràn sílẹ̀. Ní 1901 ni Scotland Yard, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, gbà á. Bẹ́ẹ̀ Íńdíà kún fún ahunṣọ o! Ṣé wọn ò rí ẹnì kan bi ni? Àwọn ọlọ́pàá ní kí n fi òrí pa ọwọ́ mi, kí n má fọwọ́ kan òfì, kí n padà wá. Ìyàwó mi wá ra òrí Ṣakí, ló bá ń pè mí ní "ọwọ́ ọ̀gá".

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó kó òwú mi. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, mo ní ó ti tán. Lọ́jọ́ mìíràn, a bá okùn ewúrẹ́ ìyá àgbà kan lápò rẹ̀, ewúrẹ́ ti di ọbẹ̀. Baálé ní ọmọ wa ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ti ọ̀kadà, dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ta ló wọ agbádá lọ bẹ̀bẹ̀? Èmi. Ta ló fọwọ́ síwèé pé òun dúró fún un? Èmi náà ni.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rí i pé ìdájọ́ kóòtù lórí ẹjọ́ ọ̀daràn dé ibi àkọsílẹ̀ àpapọ̀ ọlọ́pàá láàárín 30 ọjọ́. Kóòtù ni wọ́n wí, wọn ò wí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Ẹjọ́ tí a parí lórí ẹní, ta ni yóò gbé e dé ibi àkọsílẹ̀ náà, Alagbon l'Ékòó? Ẹ tú ìwé ibẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ọmọ yìí mọ́ bí aṣọ àlà.

Òun náà lọ tẹ̀ka. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí: gbogbo ìlà rẹ̀ jáde ketekete. Ó gbàwé, ó sì gba iṣẹ́ géètì náà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló wá kí mi, fìlà gáàdì lórí, fèrè lọ́rùn. Ó rí ọwọ́ mi tó ń dán fún òrí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ìwé yín ò tíì jáde. Ẹ má dà á láàmú. Bó bá gba kí ẹnì kan dúró fún yín, èmi wà ńbẹ̀."