Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Onípolówó

Télọ̀ ni mí l'Ókè-Àdó, n'Ìbàdàn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi nínú, bí mi ò bá sọ ọ́, aṣọ aláṣọ ni n ó fi ìbínú gé bàjẹ́. Àwọn tó ń polówó bọ́ọ̀lù, fíìmù, orin àti ilé Big Brother fún wa lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Láàárọ̀, kí n tó fi òwú sójú abẹ́rẹ́, fóònù á ti dún. Èmi á rò pé oníbàárà tó jẹ mí lówó agbádá ló fẹ́ sanwó. Rárá o. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ni, ó pè mí ní "Olólùfẹ́ wa," ó ní àwọn ti kó ẹ̀bùn sílẹ̀ dè mí, kí n ṣáà wá sọ ẹni tó máa borí láàárín Brentford àti Fulham. Èmi, olólùfẹ́! Ìyá àwọn ọmọ mi gan-an ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí owó ilé-ìwé ti wọ́n. Ta ni mo wá mọ̀ ní Brentford?

Ọmọ iṣẹ́ mi ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC ló ṣe é fún ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó." Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Ká má parọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ dínkù. Ṣùgbọ́n 2442 ò ní àṣẹ lórí WhatsApp, kò ní àṣẹ lórí TikTok, kò sì ní àṣẹ lórí ọmọ mi obìnrin. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà padà wọlé.

Bí mo bá ń géṣọ, fújì olóògbé Síkírù Àyìndé Barrister ni mo máa ń gbọ́. Ibi tí orin bá ti ń wọra gan-an ni wọ́n á ti já a, wọ́n á ní kí n fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún dúró kí n tó lè fo ìpolówó. Ọwọ́ kan tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kejì di sísọ́ọ̀sì mú, ṣé imú ni kí n fi tẹ̀ ẹ́? Bí mi ò bá sì fò ó, yóò máa rojọ́ lọ ni, yóò fi dátà tí mo fowó ara mi rà ṣàlàyé fún mi pé kí n wá ra dátà.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ìpolówó tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Ògúndé tàbí Baba Sàlá bá fẹ́ ṣeré nílùú, ọkọ̀ wọn á kọ́kọ́ yí ìlú po pẹ̀lú ìlù àti lásípíkà. Àwa ọmọdé á sáré tẹ̀lé e títí ẹnì kan á fi rántí pé epo pupa ni wọ́n rán òun lọ rà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn máa ń lọ! Ó ń jẹ epo, ìlú mìíràn sì ń dúró dè é. Ó sọ ọjọ́, ó sọ ibi tí wọ́n ti máa ṣe é, ó sọ iye tí a máa san, ó di Gbọ̀ngán. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí kì í lọ síbì kankan. Ó ń bá mi wọ balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí aṣọ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní 2018, Nike gbé jẹ́sì jáde fún Super Eagles nítorí ife àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Àwọ̀ ewé àti funfun ló rìn wọ́gọwọ̀gọ káàkiri àyà, apá rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun bí ìyẹ́ idì. Mo fẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, torí kò wù mí kí n yin télọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n aṣọ náà dára. Kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí lórí ayélujára tí kò bá a pàdé. Àjọ bọ́ọ̀lù wa, NFF, ní mílíọ̀nù mẹ́ta làwọn èèyàn ti béèrè fún kó tó dé ọjà rárá. Lọ́jọ́ tó jáde, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Oxford Street nílùú London, wọ́n sì rà á tán pátápátá. Ó wá ku bọ́ọ̀lù. Croatia nà wá, a na Iceland, Argentina wá di ẹrù wa fún wa pé ká máa lọ sílé. Jẹ́sì gba ife àgbáyé, àwọn tó wọ̀ ọ́ nìkan ni kò gbà á.

Lásìkò náà, ọ̀gbẹ́ni kan gbé ànkárá aláwọ̀ ewé wá bá mi, ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n bá òun rán bùbá àti ṣòkòtò tó jọ ọ́. Mo to wọ́gọwọ̀gọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Nígbà tó wá gbà á, ó béèrè ibi tí àmì Nike wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́, mi ò kọ́ gbájúẹ̀." Títí di òní, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì dé. Super Eagles ti pààrọ̀ jẹ́sì, wọ́n tún ti pààrọ̀ òmíràn.

Ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ló tún wá pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi àyà aṣọ háyà fún àwọn onítẹ́tẹ́ tipẹ́. Ní oṣù kẹrin 2023, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Premier League wá fẹnu kò pé bí sáà 2025/26 bá ti parí, kò ní sí orúkọ ilé tẹ́tẹ́ láyà mọ́. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n apá aṣọ ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn ò sí nínú àdéhùn. Èmi tí mò ń so apá mọ́ àyà lójoojúmọ́ mọ̀ pé ojú rírán kan péré ló wà láàárín wọn. Apá yìí náà kúkú ni ìpolówó mìíràn ti gbà wọlé. Ní 2018 ni wọ́n kọ ọ́ sí apá jẹ́sì Arsenal pé kí á wá wo Rwanda. Ọmọ àbúrò mi ti ń fojú sọ́nà láti lọ wo ìnàkí ní Rwanda, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn.

Ìjọba wa náà gbìyànjú o. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2022, ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó, ní kí wọ́n má fi ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ṣe ìpolówó fún wa mọ́, àti àwòrán àti ohùn. Mo ní, háà, ìsinmi dé. Àṣé àwọn ọmọ wa náà ni yóò máa polówó Manchester fún wa.

Ẹ tẹ̀ lé mi dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá wọbẹ̀, ẹ máa mọ ẹni tó ń ṣe ti Chelsea, ẹ máa mọ ẹni tó ń ṣe ti Arsenal, ẹ máa mọ ibi tí ẹ máa jókòó sí kí ìjà má bàa kàn yín. Lọ́jọ́sí, ọmọkùnrin kan ń fò sókè níwájú mi, ó ń patẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ò wọlé. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta lò ń ṣe tiẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, mi ò ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kọ́nà ni mò ń ṣe." Ó ní tí kọ́nà bá ti pé mẹ́sàn-án, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ òun jẹ nìyẹn. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi wọ jẹ́sì Chelsea, Chelsea gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ló bá káwọ́ lérí. Góòlù yẹn ló gé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, èmi nìkan ni mo wá wo bọ́ọ̀lù.

Ibo ni wọ́n ti kọ́ tẹ́tẹ́ yìí? Orí fóònù kan náà ni. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń pín kóòdù fáwọn ọ̀dọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ nìkan ni wọ́n sì ń fi hàn. Èyí tó gé, wọ́n ti sin ín láìkéde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó lórí gbogbo ẹni tó bá tipasẹ̀ wọn forúkọ sílẹ̀, nítorí náà, yálà ọmọ náà jẹ tàbí kò jẹ, àwọn ti jẹ tiwọn. Nísàlẹ̀ ìpolówó, wọ́n á wá kọ 18+, ní lẹ́tà tí èmi tí mò ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ò rí.

Ti Big Brother, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí ìyá ilé mi lè ka ìwé yìí. Ní 2020, àwọn tó ṣe ètò náà ní ìbò tó wọlé ju mílíọ̀nù 900 lọ. Laycon, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ló borí, ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ sì tún fi ilé àti mílíọ̀nù márùn-ún náírà dá a lọ́lá. Inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni ọmọ mi ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹni tọ̀hún, ẹni tèyí, tí wọ́n ń dáwó ọjọ́ ìbí fún ẹni tó ti di olówó. Jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀ ti dákẹ́ láti oṣù mélòó kan, kò sí ẹgbẹ́ tó dáwó.

Ọmọ yìí kan náà ló kó mi sí ti fíìmù. Fúnkẹ́ Akíndélé mọ fíìmù tà, kò sí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn. A Tribe Called Judah tó gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá ilẹ̀ wa. Bó bá ní fíìmù níta, yóò jó lórí ayélujára, òṣèré á bá a jó, ìyá alágbo á bá a jó, ọmọ ilé-ìwé á bá a jó. Àwọn yòókù ti wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí fíìmù tó ń jáde mọ́ tí kò ní ijó tirẹ̀. Ọmọ mi bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ kàn mi ejìká." Mo mi ejìká. Mi ò mọ̀ pé ó ti gbé e sókè. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tí aṣọ rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ní kò síná, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi tíì rán aṣọ mi. Iná wo lẹ fi jó?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo wá jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Òṣèré gbowó, ilé sinimá gbowó, onídátà gbowó lọ́wọ́ ọmọ mi tó gbé fídíò sókè, ó tún gbowó lọ́wọ́ ìyá yẹn tó wò ó. Èmi tí mo mi ejìká, èébú ni mo gbà, mo sì tún rán aṣọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ kó má bàa di wàhálà.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Èyí tó ń dùn mí dé egungun ni ti 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa n'Ìbàdàn. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, IICC Shooting Stars ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Rédíò àti ẹnu ló polówó wọn, gbogbo Ìbàdàn sì gbọ́. Ní báyìí, pápá Lékan Sàlámì tó wà l'Ádámásìngbà kò jìnnà sí mi rárá, ọ̀kadà kan ni. Fóònù mi mọ orúnkún tó ń dun ọmọ Liverpool. Ó mọ ohun tí ìyàwó agbábọ́ọ̀lù Spain jẹ láàárọ̀. Kò sọ fún mi rí pé 3SC ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́la. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn, ẹni tó wá ra bọ́tìnnì lọ́dọ̀ mi ló sọ fún mi. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú Super Falcons ní Rabat, àwọn ọmọbìnrin wa dìde, wọ́n fi mẹ́ta sí méjì gba ife Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán làwọn ilé-iṣẹ́ wá ń sáré gbé àwòrán ìkíni jáde, àmì ilé-iṣẹ́ tóbi ju orí àwọn ọmọ náà lọ.

Mo bi ọmọ iṣẹ́ mi léèrè ìdí. Ó ní ohun tí èèyàn bá dúró wò pẹ́ ni fóònù máa ń gbé wá fún un. Mo ní, "Mo ti wá 3SC lórí rẹ̀ títí, mo dúró wò ó." Ó yọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn tó sanwó ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé síwájú. Ta ló sanwó fún 3SC?"

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọjọ́ tí wọ́n tún máa gbá bọ́ọ̀lù l'Ádámásìngbà, kó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Kó má pè, kó má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Bó bá mú aṣọ dání, n ó yọ díẹ̀ fún un nínú owó bùbá àti ṣòkòtò. Ti agbádá ò wọ̀ ọ́ o.